Igi Emi Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ilẹ̀

Ṣakí,
Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Rafíátù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, nítorí òun ni gbogbo lẹ́tà yìí dá lé. Ẹ̀tọ́ ni ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó fún un. Bí mo bá bu omi fún àlejò, inú rere ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dí ọ̀nà odò tí ẹnì kan ti ń pọn láti kékeré, tí mo wá bu ife omi kan fún un, n kò ṣe inú rere kankan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni mo gbà, mo sì wá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni irú ohun bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn: kí ó rí ibi gbé, kí ó rí ọ̀nà àtijẹ, kí a má tì í mọ́lé láìnídìí, kí a bi í léèrè kí a tó mú ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí iṣẹ́ tí ó fi ń wá oúnjẹ má sì pa á. Kò di ìgbà tí ó bá mọ̀wé kí ó tó ní in.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ilé-iṣẹ́ tí ó gbà ọ́ síṣẹ́. Orí rẹ̀ wà ní òkè òkun, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ púpọ̀. Ó ń kó owó bọ̀ wá dá oko pákí ńlá àti ilé-iṣẹ́ sítáàṣì sílẹ̀ ní agbègbè Ìgànná. Ìdókòwò ni a ń pe ìyẹn. Owó tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kò ní ojú tirẹ̀. Ojú tí a bá yá a ni ó fi ń ríran. Ojú yẹn ni wọ́n gbà ọ́ láti jẹ́, ìdí sì nìyí tí mo fi jókòó láti kọ̀wé tó gùn báyìí sí ọ.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà rẹ sí ìyá rẹ létí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé yàrá tí wọ́n fún ọ ní Ìṣẹ́yìn ní fáànù, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Nígbà tí ó wá rí i pé mo mú kálámù, ó ní, “Bàbá Ràfí, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan o. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ń jẹun.” Mo ti bi ọ́. Kọ ìdáhùn ìyẹn sí ìyá rẹ lọ́tọ̀. Ìyókù tèmi ni.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ báyìí pé: “Bàbá mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Àwọn tó ṣáájú mi ti lọ ka àwọn ènìyàn náà nígbà ọyẹ́. Ìfọwọ́sí lásán ló kù.”

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ “lásán” yẹn ni kò jẹ́ kí n lè ká ìwé rẹ sí àpò. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà ti di àjèjì lórí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń jẹun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí. N kò sọ ìtàn náà fún ọ rí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó bá fi ìtìjú rẹ̀ pamọ́ títí ọmọ rẹ̀ fi já sínú kòtò kan náà, irú bàbá wo nìyẹn?

Ní ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí wa mọ́tò ní ọwọ́ ọ̀tún ni. O wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mo ti lọ kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ dé òkè òkun, mo ti padà wá sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orí mi sì wú. Mo lè wọn ilẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí àṣìṣe mi má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwọ̀n mi kò pé, màá ní kí ó jẹ́ ká jọ padà lọ wọ̀n ọ́n.

Ilé-iṣẹ́ kan láti òkè òkun fẹ́ dá oko òwú sílẹ̀ ní ẹ̀yìn Ilua, ní abúlé kan tí à ń pè ní Oníyangí. Ìjọba ni yóò gba ilẹ̀ náà fún wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ̀n ọ́n, kí n ya àwòrán rẹ̀, kí n sì kọ orúkọ àwọn tí ń lò ó. Nígbà ọyẹ́ ni mo lọ. Iná ọ̀dàn ti jó ibẹ̀ kọjá, gbogbo ilẹ̀ dúdú, afẹ́fẹ́ ń gbé eérú kiri. Kò sí ebè kan ṣoṣo. Igi emi, tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ló dúró kiri, òmíràn ti wọ́wé, òmíràn ń tanná. Mo gbé ẹ̀rọ awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi kalẹ̀, mo wò ó, inú mi dùn. Ilẹ̀ tí kò sí ohun tó dí ojú ni awọnlẹ̀ ń fẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dí mi lójú. Lára igi emi kan, akísà pupa wà níbẹ̀. Lára òmíràn, ìkarahun ìgbín ni wọ́n so mọ́ ọn. Lára ẹ̀kẹta, bàtà gbígbó kan ni. Ìwọ náà mọ ohun tí à ń pe ìyẹn. Ààlè ni. Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá rí i lára igi tàbí lórí òkìtì igi ìdáná, a mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín, a ó sì rọra kọjá.

Múfútàú tí ń bá mi fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ dúró. Ó ní, “Ọ̀gá, ààlè nìyí o.”

Mo ní, “Mo rí i. Tú u kúrò, ó dí ojú awò.”

“Ẹni tó so ó ń sọ pé òun ń bọ̀ ni, ọ̀gá.”

“Múfútàú, ṣé emi lo fẹ́ jí ni? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá wú, ẹ̀yin lẹ ó máa fa ẹ̀wọ̀n, èmi ni n óò máa wo awò.” Ó tú u. Ó tú mẹ́ta kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Èmi tí wọ́n fi ààlè tọ́ dàgbà, tí n kò lè fọwọ́ kan iṣu olóko tí mo bá rí ewé lórí rẹ̀, mo ní kí ó tú u, nítorí pé wọn kò kọ́ wa ní ààlè ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀. Mo rò pé ìwé ni ohun tí a fi kálámù kọ nìkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ bá Baálẹ̀ àti àwọn àgbààgbà ní iwájú mọ́ṣáláṣí. Mo béèrè ẹni tó ń dá oko ní ibi tí mo wọ̀n. Baálẹ̀ ní, “Kò sẹ́ni tó ń dá oko níbẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ náà ń sinmi ni. Ó ku ọdún díẹ̀ ká tó padà sí i.” Mo kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó ń lò ó. Obìnrin kan tó ń ru igi ìdáná kọjá dúró, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ?”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ìyá.”

Ó ní, “Ẹn-ẹn. Àwa obìnrin ò nílẹ̀. Emi orí rẹ̀ la ní.”

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ìyá Rábì, máa gbé igi rẹ lọ, ọ̀rọ̀ ìjọba là ń sọ.” Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀. Rafíátù, gbogbo òfin ilẹ̀ abúlé yẹn ló sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbólóhùn méjì: ọkùnrin ló ni ilẹ̀, obìnrin ló ni emi. Èmi tí ìjọba rán lọ sí òkè òkun kí n lè gbọ́ irú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo padà sí Ìbàdàn, mo ya àwòrán tó mọ́, mo fọwọ́ sí i.

Òjò dé. Emi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní ọjọ́ kan, mo rí Múfútàú ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, kò jókòó, kò béèrè omi. Ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n ti mú obìnrin mẹ́ta ní Oníyangí. Wọ́n ní olè ni wọ́n. Olè emi.”

Ilé-iṣẹ́ náà ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ilẹ̀ ká, wọ́n sì ti fi ọlọ́dẹ ṣọ́ ọ. Àwọn obìnrin náà jí lọ ṣa emi wọn bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, wọ́n gba abẹ́ wáyà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ náà sì wà nílé lọ́wọ́ ìyáálé rẹ̀, ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń tàn án.

Mo lọ bá máníjà. Òyìnbó ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ kan sórí tábìlì, ó bi mí pé, “Ọwọ́ ta nìyí?”

Mo ní, “Ọwọ́ mi ni.”

“Kí lẹ kọ síbí?”

“Pé kò sí ẹni tó ń lò ó.”

“Ta wá ni àwọn tí ẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún?”

Máa rántí pé ọkùnrin yìí kò jí ohunkóhun lójú ara rẹ̀. Ìwé mi ló tẹ̀ lé. Bí ọ̀pọ̀ ìwà ìrẹ́jẹ ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni burúkú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ìwé tí kò pé ló pọ̀, tí ẹni rere gbà gbọ́.

Wọ́n tú àwọn obìnrin náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Ìyá Rábì wà nínú wọn. Ó dá mi mọ̀ lójú kan náà. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Sáféyọ̀. Ẹ gbé awò wá, ẹ fi wo òkè tó wà lọ́hùn-ún, ẹ ò wá rí akísà tó ń gbá yín nímú.” Àwọn méjì yòókù rẹ́rìn-ín, inú àgọ́ ọlọ́pàá yẹn náà ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín ní ọ̀tẹ̀ yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú mi lọ wo igi wọn. Ó ní, “Ìgbà wo lẹ máa ń jí? Emi kì í dúró de akọ̀wé.”

Òwúrọ̀ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ lé e. Ó ń tọ́ka, mo ń kọ. “Èyí ti Ìyá Àfúsá. Èyí tèmi, ìyá ọkọ mi ló fà á lé mi lọ́wọ́. Èyí tọ̀hún, ẹ má kọ orúkọ kankan sí i, igi opó ni. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú lọ́dún kan ló ń ṣa ti ọdún yẹn, kó tó rí ẹsẹ̀ dúró.” Mo dúró níbẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà lórí bí ìjọba ti ń tọ́jú aláìní, n kò rí èyí tó rọrùn tó ìyẹn rí. Mo sì ti kọ “kò sí ẹni tó ń lò ó” lé e lórí.

Mo ya àwòrán kejì. Ọ̀gá mi ní àkọ́kọ́ ti jáde, kò sí ohun tí a lè ṣe. Mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí wọ́n fi gbé mi kúrò ní ibi iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àtótónu, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ẹnu ọ̀nà kan ní ìhà odò, wọ́n gbà kí àwọn obìnrin máa wọlé ní àsìkò emi. Ṣùgbọ́n katapílà ti wó àwọn igi àárín, igi opó wà nínú wọn. Ẹni tó bá gbin emi lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò ṣà á. Nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé a óò tún un ṣe tó bá yá. Àwọn ohun kan wà tí kò ṣeé tún ṣe.

Ó yẹ kí n sọ apá kejì rẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn la ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà nígbà òjò. Wọ́n kọ́ dìsípẹ́ńsárì, aboyún tó jẹ́ pé Ilua ni à bá máa gbé e lọ lórí kẹ̀kẹ́ rí ibi bímọ sí. Àwọn ọkùnrin ń gba owó oṣù. N kò fẹ́ kí o kórìíra àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́. Pákí àwọn àgbẹ̀ wa ní Ìgànná ń jẹrà lóko nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́, bí ilé-iṣẹ́ rẹ bá rà á, yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Ohun tí mò ń sọ ni pé rere tí a ṣe fún aboyún àti òṣìṣẹ́ kò pa gbèsè tí a jẹ Ìyá Rábì rẹ́. A kì í fi ọ̀nà mọ́tò dípò ẹ̀tọ́.

Èyí ni ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Mo tò ó bí ó ti ń wá sí mi lọ́kàn.

Èkíní. Mọ àsìkò tí wọ́n fi ka ènìyàn. Nígbà ọyẹ́ ni àwọn tó ṣáájú rẹ lọ, bíi tèmi. Nígbà ọyẹ́, odò gbẹ, nítorí náà ọ̀nà odò kò ní ẹsẹ̀ ènìyàn lára. Emi kò já. Igi irú kò tíì so dáadáa, a kò sì rí ẹni tí ń ká a. Àwọn Fúlàní ti kó màlúù lọ síbi tí omi wà, bí wọ́n bá padà dé, wọn yóò bá wáyà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ilẹ̀ ọ̀dàn wa kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tí a kọ ní àsìkò kan ṣoṣo, ìdajì ìwé ni.

Èkejì. Má bi Baálẹ̀ nìkan. Baálẹ̀ Oníyangí kò purọ́ fún mi. Ohun tí mo bi í ló dáhùn. Oko ni mo béèrè, oko ló sọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti gba ìka Baálẹ̀ sórí ìwé, wọn a máa rò pé gbogbo ìlú ti gbà. Baálẹ̀ kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Òfin ilẹ̀ tí ó wà lóde báyìí ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn kan á sì máa sọ fún ọ pé nítorí náà kò sí ẹni tí a ní láti bi. Òfin náà kò sọ pé igi tí ènìyàn ń jẹ lára rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ka òfin náà fúnra rẹ, má jẹ́ kí wọ́n kà á fún ọ. Abéèrè kì í ṣìnà. Bi obìnrin, bi àlejò tí ó yá ilẹ̀ dáko, bi darandaran, bi ẹni tí wọ́n bá ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀bi mi kejì, n kò tíì sọ ìyẹn. Nígbà tí mo ń padà lọ sí Oníyangí, mo rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fín oògùn kòkòrò sí òwú. Wọn kò fi nǹkan bo imú, ọwọ́ wọn ṣófo, odò kan náà tí abúlé ń pọn ni wọ́n ti ń fọ agolo oògùn. Ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Lásísì ń nu ojú rẹ̀ ṣáá. Mo ní, “Kí ló ṣe ojú rẹ?” Ó ní, “Ọ̀gá, òwú ló ń fẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń sunkún.” A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ìwọnlẹ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe oògùn. Nígbà tí mo tún gbúròó rẹ̀, wọ́n ń fà á lọ́wọ́ kiri. Ìwé tí ó tẹ ìka sí nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì wà níbẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣe é kò kan ilé-iṣẹ́. Kò sí ẹni tó kà á fún un.

Nítorí náà, má sọ láéláé pé, “Kì í ṣe ẹ̀ka tèmi.” Ìbéèrè kan wà tí o lè máa bi àwọn ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí kò sì ní bí wọn nínú bí o bá bi í jẹ́jẹ́: “Ṣé bí a ti ń ṣe é ní ilé náà nìyí, ní ìlú tí ilé-iṣẹ́ wa ti wá?” Bí òṣìṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún bá ń wọ ìbọ̀wọ́, kí ti ìhín náà wọ ọ́. Bí wọ́n bá ń ka ìwé iṣẹ́ fún ti ọ̀hún kí ó tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n kà á fún ti ìhín ní Yorùbá. Ojú ti Òkè-Ògùn kì í ṣe irin.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì gbé ti aláròyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń rò pé ọlọ́dẹ àti wáyà ni ààbò. Ìwé tí ó pé ni ààbò wọn. Sọ èyí fún wọn ní èdè òwò tí wọ́n gbọ́: oko tí a dá láìbéèrè kì í ní ìsinmi, ọdọọdún ni ìjà rẹ̀ ń tún bẹ̀rẹ̀. O kò ṣọ̀tá wọn bí o bá ní kí wọ́n dúró. Ìwọ lo ń ṣọ́ owó wọn jù.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀rù yóò bà ọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà, nítorí iṣẹ́ mi, nítorí ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀rù iṣẹ́ tó bọ́ máa ń kúrò lára ènìyàn. Èyí tí kì í kúrò ni kí o máa rí orúkọ rẹ ní ìsàlẹ̀ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Nígbà tí mo ka apá yìí sí ìyá rẹ létí, ó fi orógùn ọkà sílẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ fún un pé bí wọ́n bá lé e, kó máa bọ̀ nílé. Ṣé ìgbà tó ń ṣe iṣẹ́ wọn ló tó di ènìyàn ni?” Mo ti sọ ọ́ bó ti sọ ọ́.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, oṣù kò sì tíì parí.

Má fọwọ́ sí ìwé yẹn. Sọ fún ọ̀gá rẹ lẹ́nu, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé o fẹ́ ọjọ́ mẹ́fà láti fi ẹsẹ̀ dé orí ilẹ̀ náà, nítorí pé ọyẹ́ ni wọ́n fi kà á, òjò sì ti dé. Máa lọ sí àwọn abúlé náà. Kí Baálẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé o dé, kí o kí i dáadáa, lẹ́yìn náà kí o bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n mú ọ dání bí wọ́n bá ń lọ ṣa emi. Má mú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn. Mú ìwé àjákọ kan, kí o fa ìlà mẹ́ta sí i: ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó ń lò ó, oṣù tí ó ń lò ó. Dúró lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan àti ní ẹ̀bá ọ̀nà odò kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí ààlè, kọ ọ́, kí o sì béèrè ẹni tó so ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, kó gbogbo wọn jọ, ọkùnrin, obìnrin, àti darandaran, kí o ka orúkọ náà sókè ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ á pariwo. Jẹ́ kí ó pariwo, kí o sì kọ ọ́ sí i. Fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí o tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fọwọ́ sí i.

Bí ọ̀gá rẹ bá kọ̀ láti fún ọ ní ọjọ́ mẹ́fà náà, má bá a jà. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sókè ìwé náà pé, “N kò tíì fi ẹsẹ̀ dé orí ilẹ̀ yìí, àwọn obìnrin kò sì sí nínú rẹ̀.” Fi ibi ìfọwọ́sí sílẹ̀ lófìfo, kí o dá a padà fún un.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ni mo kọ ọ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Fi ọ̀rá wé ìwé àjákọ náà nítorí òjò, kálámù léèdì sì ni kí o mú, kí omi má baà fọ ọ̀rọ̀ wọn nù. Sun inú abúlé ní alẹ́ tó ṣáájú, kí o sì jí kí àkùkọ tó kọ. Bí oòrùn bá fi yọ kí o tó dé abẹ́ igi, wọ́n ti ṣà á tán, wọ́n ti lọ.